Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìlera Odò Àárín Ìlú Wò ní Ìkòròdú

Omi tó mọ́ gaara lójú kì í ṣe ẹ̀rí pé ara odò dá. Ní Ìkòròdú, níbi tí ilé ti kún dé bèbè àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Èkó, odò kan lè mọ́ lójú kí ohun tó yẹ kó máa gbé inú rẹ̀ sì ti kú tán. Òmíràn lè dúdú bí omi tíì nítorí ewé igi ògùrọ̀ tó ń rà sínú rẹ̀, síbẹ̀ kí ẹja àti edé máa gbé ibẹ̀ láìsí ìyọnu. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí odò àdúgbò rẹ̀ ṣe wà kò gbọdọ̀ dúró lórí àwọ̀ omi: yóò wo ilẹ̀ tí odò náà ń gbà kọjá, yóò wọn omi náà, yóò sì wo àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ń sọ bí omi ṣe rí ní ìṣẹ́jú tí a tì í bọ inú rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n kòkòrò tó ti lo oṣù mélòó kan nínú odò ń jẹ́rìí sí gbogbo ohun tó ti ṣàn kọjá lórí rẹ̀, títí kan èyí tí ẹnì kan dà sómi lọ́gànjọ́ òru.

Kí ẹ tó ti ẹsẹ̀ bọ omi

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí baálẹ̀ àdúgbò àti ẹbí tó ni ilẹ̀ etí odò, nítorí pé odò mìíràn ní ojúbọ létí rẹ̀, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí àwọn tó ń bọ ọ́ kì í fẹ́ kí àlejò débẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà tó ti ń pọnmi níbẹ̀ láti kékeré, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè tó lójú: ẹja wo ni wọ́n máa ń rí tẹ́lẹ̀ tí wọn kò rí mọ́, ìgbà wo ni wọ́n ṣíwọ́ pípọn omi mímu níbẹ̀, ṣé àkèré ṣì ń ké létí odò lálẹ́, kí ni wọ́n kọ́ sí òkè odò kí omi tó yí padà. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kò sí yàrá àyẹ̀wò kankan tó lè sọ fún yín bí odò náà ṣe rí ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wọ̀nyí lè sọ ọ́.

Ẹ wá rin etí odò náà láti ibi tó bá ti ṣeé ṣe lókè wá sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán ọ̀nà rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ fi àmì sí ibi tí gọ́tà ti wọ inú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ibi tí àwọn mẹkáníìkì ń da ọ́ìlì dúdú sí, ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ibi tí wọ́n ti ń fún omi ẹ̀gẹ́ kúrò lára gàrí, ọ̀pá tó ti inú ilé tàbí ilé-iṣẹ́ jáde, àti ibi tí àwọn ènìyàn ń da pàǹtí sí. Ní agbègbè Odógunyàn, níbi tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí, ọ̀pá omi lè farapamọ́ sábẹ́ koríko, nítorí náà ẹ tẹ́tí sí ìró omi tó ń dà nígbà tí òjò kò rọ̀.

Láti inú àwòrán yìí ni ẹ óò ti yan ibi tí ẹ óò ti ṣàyẹ̀wò. Ó kéré tán, ẹ yan ibi mẹ́ta: ọ̀kan lókè, kí omi tó dé àárín ilé, ìkejì ní ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ fura sí, ìkẹta níwájú sí i, láti mọ̀ bóyá odò náà ń sàn bó ṣe ń lọ. Kí ibi kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 100. Bí ibi òkè kò bá sí nínú ìrìn yín, gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá rí ní ìsàlẹ̀ yóò dà bí ẹjọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo.

Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìkòròdú jẹ, ìyẹn ni ọ̀sà. Omi ọ̀sà máa ń kún fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ó sì máa ń fà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ní ẹnu odò tó wà nítòsí Ìpakodò, Májídùn, Ìbẹ̀ṣẹ̀ tàbí Bàyékù, omi òkè lè dúró tàbí kó padà sẹ́yìn nígbà tí ọ̀sà bá ń kún, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ yóò sì gòkè wá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi yìí tún máa ń ní iyọ̀, nítorí pé omi òkun ń wọ inú ọ̀sà nígbà tí omi òjò bá ti dín kù. Láti mọ̀ bóyá ọ̀sà ń dé ibi tí ẹ yàn, ẹ ri igi mọ́lẹ̀ nínú omi, ẹ fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí ojú omi dé, kí ẹ sì padà wò ó lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Bí omi bá ti ga sí i tàbí tó ti lọ sílẹ̀ láìsí òjò, ẹ gòkè díẹ̀ sí i, nítorí pé ìlànà tí mo ń kọ yìí wà fún odò tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ìgbà tó dára jù ni oṣù kìíní tàbí ìkejì ọdún, nígbà tí omi ti dín kù tí ìdọ̀tí kò sì rí omi púpọ̀ tí yóò fọ́n ọn ká. Ẹ lè padà wá lẹ́yìn òjò ńlá, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Bí àgbàrá bá ti gbá odò, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kí ẹ tó wá kòkòrò níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ni omi ti gbé lọ.

Àwọn irinṣẹ́ kò wọ́n. Bàtà ọlọ́rùn gígùn tí omi kò lè wọ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àwọ̀n olójú kéékèèké (ẹ lè rán nẹ́ẹ̀tì fèrèsé mọ́ wáyà tí ẹ ká róbótó, kí ẹ sì so ó mọ́ igi), abọ́ funfun fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, síbí, dígí tó ń mú nǹkan kékeré tóbi, okùn ìwọ̀n, tẹmómítà, ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, ọsàn kan, ìwé àti lẹ́ẹ̀dì. Ẹ má ṣe lọ ní ẹyọ ẹnì kan. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán wọ omi, nítorí àfọ́kù ìgò àti nítorí àtọ̀sí ajá, àrùn tí kòkòrò rẹ̀ ń jáde láti ara ìgbín omi kékeré tó sì ń gba awọ ara wọlé. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹ ohunkóhun.

Bèbè, ìsàlẹ̀ omi, àti ohun tó léfòó

Ẹ dúró sí àárín mítà 100 yín, kí ẹ sì wo ọ̀tún àti òsì. Bèbè tí igi ògùrọ̀, òparun tàbí igbó ṣì wà lára rẹ̀ ń fún omi ní òjìji, gbòǹgbò wọn ń di ilẹ̀ mú, ewé tó já bọ́ sì ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ kòkòrò inú omi. Níbi tí wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀, oòrùn yóò gbóná lé omi lórí, iyẹ̀pẹ̀ pupa yóò sì máa ya wọlé. Níbi tí wọ́n ti fi kọnkéré tẹ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ketekete, nítorí pé omi ibẹ̀ lè mọ́ kí kòkòrò má sì rí ibi fara pamọ́ sí rárá.

Ẹ ti igi wọ ìsàlẹ̀ omi. Yanrìn tó mọ́ yóò dún kẹrẹkẹrẹ. Bí igi bá rì sínú ẹrẹ̀ dúdú tó rọ̀, tí afẹ́fẹ́ hó jáde pẹ̀lú òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́, á jẹ́ pé ọ́síjìn ti tán ní abẹ́ ibẹ̀. Bí nǹkan eérú bí òwú bá lẹ̀ mọ́ òkúta àti ẹ̀ka igi, tó ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ nínú omi, ìyẹn ni àwọn bakitéríà tó ń gbilẹ̀ níbi tí omi ṣaláńgá, omi sọ́kàwéè tàbí ẹ̀jẹ̀ màlúù ti ń wọlé.

Ilẹ̀ pupa Ìkòròdú ní irin púpọ̀ nínú, èyí sì ń bí àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀. Ní etí odò tí omi ti ń sun láti inú ilẹ̀, ẹ óò rí nǹkan aláwọ̀ ọsàn tó rí pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́, àti awọ fẹ́lẹ́ kan lójú omi tó ń dán bí òṣùmàrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pariwo pé epo rọ̀bì ti dà síbẹ̀. Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi gún awọ náà láàárín. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró bí àfọ́kù àwo, tí wọn kò padà pọ̀, bakitéríà tó ń lo irin ló ṣe é, kò sì sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bó bá yí po igi náà tó sì padà dì mọ́ra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, epo ni, ẹ sì tọ ipa rẹ̀ lọ sí òkè. Bákan náà ni ìfófòó: èyí tó ní àwọ̀ bíi ti ilẹ̀, tó ń rùn bí ewé, lè ti inú igbó wá, èyí tó funfun, tó ń ta òórùn ọṣẹ, tó sì pọ̀ ní ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, kò nílò àlàyé.

Ojúoró tí a fi ń wúre pé yóò lékè omi, tó bá lékè débi tí a kò rí ojú omi mọ́, ó ń sọ pé oúnjẹ ewéko ti pọ̀ jù nínú odò náà, láti ara ìgbẹ́, ọṣẹ tàbí ajílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti koríko omi olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ti ń di ọ̀nà ọkọ̀ ní ọ̀sà láti ọdún 1984, tí ó gba ọ̀nà omi Bàdágìrì wọlé. Ẹ kọ iye tó bò: ìdá kan nínú mẹ́rin ojú omi, ìdajì, tàbí gbogbo rẹ̀.

Wíwọn omi

Ẹ kọ́kọ́ wọn bí ó ṣe ń yára. Ẹ wọn mítà 10 létí odò níbi tó tọ́, ẹ ju ọsàn sí àárín omi, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú àáyá títí yóò fi dé òpin. Ọsàn dára nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán, atẹ́gùn kò sì lè tì í. Ká ní ó lo ìṣẹ́jú àáyá 25, ìyára ojú omi jẹ́ mítà 0.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.85, nítorí pé omi ìsàlẹ̀ ń lọ́ra ju ti òkè lọ, yóò sì di 0.34. Bí odò náà bá fẹ̀ ní mítà 2, tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 0.3 ní àròpín, omi tó ń kọjá jẹ́ bíi lítà 204 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì nígbà tí ẹ bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, torí pé ìdọ̀tí kan náà nínú omi tó dín kù sí ìdajì yóò le ní ìlọ́po méjì.

Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ ìwọ̀n yá, nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wọn: ìgbóná, pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni omi ṣe kan tó), bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi kọjá (èyí tó ń ga sí i bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó nínú omi), àti ọ́síjìn tó yọ́ sínú omi. Orí yanrìn etíkun àtijọ́ ni Ìkòròdú wà, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi iyọ̀ púpọ̀ sómi, omi inú irà ògùrọ̀ sì máa ń kan díẹ̀. Nítorí náà pH tó rẹlẹ̀ ju 6.5 lọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ dandan ní ibí. Ohun tí ẹ óò wò ni ìyàtọ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Bí nọ́ńbà iná mànàmáná bá fò sókè lójijì lẹ́yìn gọ́tà kan, tí ọ̀sà kò sì dé ibẹ̀, nǹkan ti wọlé láti inú gọ́tà náà.

Ní ti ọ́síjìn, omi tó gbóná tó ìwọ̀n 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius kò lè gba ju nǹkan bíi mílígíráàmù 8 lọ nínú lítà kan bí afẹ́fẹ́ nìkan bá ń fún un. Bó bá wálẹ̀ ju 5 lọ, ọ̀pọ̀ ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. Bó bá wálẹ̀ ju 2 lọ, ìwọ̀nba ló lè dúró. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ kùtùkùtù, ní wákàtí kan náà nígbà gbogbo, nítorí pé ewéko inú omi ń tú ọ́síjìn jáde lọ́sàn-án, wọ́n sì ń mí in padà lóru. Odò aláìsàn tí ewé tútù kún lè dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le ní agogo mẹ́ta ọ̀sán.

Níbo ni ẹ̀dá yìí ti ń mí?

Ìbéèrè yìí ni kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀dá tó ń mí ọ́síjìn inú omi yóò kú bí ọ́síjìn bá tán. Èyí tó ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́ yóò yè. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi àrọ̀ ṣẹ̀rí pé odò dára: àrọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ lójú omi, ó sì lè yè níbi tí ẹja mìíràn ti kú tipẹ́. Tanwíjí náà ń na ìdí rẹ̀ sókè mí afẹ́fẹ́. Ìdin onírù gígùn tí a máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣaláńgá ń mí láti inú ìrù tó nà bíi páìpù. Ìdin tẹ́ẹ́rẹ́ pupa bí ẹ̀jẹ̀, tó ń yí bí ẹ̀wọ̀n nínú ẹrẹ̀, ń mí nínú omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó mú un pọ́n bẹ́ẹ̀ ni èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ń kó ìwọ̀nba ọ́síjìn tó kù jọ. Bó bá jẹ́ àwọn wọ̀nyí nìkan ló kún abọ́ yín, ọ̀rọ̀ odò náà ti le.

Àwọn odò wa kò ní òkúta púpọ̀, nítorí náà inú gbòǹgbò tó rọ̀ sómi, abẹ́ ewé tó kó jọ, ara igi tó ṣubú àti etí koríko ni kòkòrò wà. Ẹ pín mítà 100 náà bí àwọn ibùgbé wọ̀nyí ṣe pọ̀ sí, láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè kí ẹ má baà da omi rú mọ́ ara yín, kí ẹ sì ti àwọ̀n wọlé ní ìgbà ogún lápapọ̀: ẹ fi ẹsẹ̀ rú ibẹ̀, ẹ fa àwọ̀n gba inú omi tó rú, kí ẹ sì da ohun tó bá wà nínú rẹ̀ sínú abọ́ funfun tí omi odò wà nínú rẹ̀.

Ẹ ní sùúrù nídìí abọ́ náà. Ní ìṣẹ́jú kìíní, ewé rírà nìkan ni ẹ óò rí. Lẹ́yìn náà ewé kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ewé tó rìn náà lè jẹ́ ọmọ kòkòrò tó fi yanrìn àti àfọ́kù ewé kọ́ ilé bo ara rẹ̀, tí orí àti ẹsẹ̀ mẹ́fà sì ń yọ níwájú. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí i, nítorí pé kì í wọ́pọ̀ níbi tí ìgbẹ́ ti pọ̀. Kòkòrò tí ìrù mẹ́ta tó dà bí irun wà ní ìdí rẹ̀, tí ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń mì láìdúró ní ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, ń fi àwọn ewé yẹn mí nínú omi. Àwọn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ pòórá. Ara ọmọ lámilámi ńlá ki bọ̀tọ̀, ó sì ń tú omi jáde ní ìdí láti fi sáré. Ọmọ lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ ní ohun mẹ́ta bí ewé ní ìdí. Ẹ óò tún rí edé, akàn, ìṣáwùrú, eṣúṣú àti àwọn aràn.

Láti sọ ohun tí ẹ rí di nọ́ńbà, ọ̀nà tó rọrùn jù ni miniSASS, tí wọ́n ṣe ní Gúúsù Áfíríkà fún àwọn ará ìlú. Ọ̀wọ́ ẹ̀dá mẹ́tàlá ló wà nínú rẹ̀, máàkì wọn sì nìyí: aràn pẹlẹbẹ 3, aràn yòókù 2, eṣúṣú 2, akàn tàbí edé 6, kòkòrò abẹ́ òkúta onírù méjì 17, onírù irun kékeré tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ọmọ ẹja 5, àwọn onírù irun yòókù 11, ọmọ lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ 4, ọmọ lámilámi ńlá 6, kòkòrò ẹlẹ́nu abẹ́rẹ́ tàbí kòkòrò alápá líle 5, ọmọ kòkòrò tó ń kọ́lé bora 9, ìdin àti tanwíjí 2, ìgbín omi 4. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan tàbí ọgọ́rùn-ún nínú ọ̀wọ́ kan, máàkì kan náà ni. Ẹ ro àwọn máàkì pọ̀, kí ẹ sì fi iye ọ̀wọ́ tí ẹ rí pín in.

Ká ní ní òkè odò ẹ rí edé (6), onírù irun kékeré (5), ọmọ lámilámi ńlá (6), ti tẹ́ẹ́rẹ́ (4), kòkòrò alápá líle (5), akọ́lé-bora (9) àti ìdin (2): àròpọ̀ jẹ́ 37, a fi 7 pín in, ó di nǹkan bíi 5.3. Ní ìsàlẹ̀ gọ́tà, aràn (2), eṣúṣú (2), ìdin (2) àti ìgbín omi (4) nìkan ló kù: 10 tí a fi 4 pín, 2.5. Odò Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n fi gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀, nítorí náà n kò gbà wá nímọ̀ràn láti fi ìlà wọn dájọ́ odò wa. Ẹ fi òkè odò yín wé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọdún yìí wé ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn kíkà, ẹ da àwọn ẹ̀dá náà padà láàyè sí ibi tí ẹ ti mú wọn.

Ìgbà mìíràn wà tí nọ́ńbà omi yóò dára tí abọ́ yóò sì ṣófo. Bí ibùgbé bá wà níbẹ̀, tí kọnkéré kò sì sí, ẹ fura sí májèlé tó ti kọjá lọ: oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sómi láti fi pa ẹja, tàbí omi ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń tú sílẹ̀ lóru. Ní irú ọ̀ràn yìí, abọ́ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ohun tí ẹ óò fi ránṣẹ́

Ìgbẹ́ ènìyàn nínú omi kò ṣeé rí dájú láìsí yàrá àyẹ̀wò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye E. coli, bakitéríà inú ìfun tí a fi ń mọ̀ pé ìgbẹ́ ti wọ omi, inú ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni kí ẹ gba omi sí, ẹ gbé e sórí yìnyín nínú kúlà, kó sì dé yàrá àyẹ̀wò kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Ìgò tí wọ́n óò fi wọn bí ìdọ̀tí ṣe ń jẹ ọ́síjìn láàárín ọjọ́ márùn-ún gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu, láìsí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, kí oòrùn má sì kàn án.

Bí ìyàtọ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ bá hàn kedere, ẹ kọ̀wé sí LASEPA, àjọ tó ń bójú tó ìdọ̀tí àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba àpapọ̀ náà ti gbé ìlànà jáde ní 2011 lórí ìmọ́tótó omi orí ilẹ̀ àti ti abẹ́ ilẹ̀, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ló sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ àti wákàtí sínú lẹ́tà náà, ẹ kọ ibi tí fóònù yín fi hàn lórí máàpù, ẹ kọ bí ọ̀sà ṣe wà àti ìgbà tí òjò rọ̀ kẹ́yìn, ẹ to nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ sì fi fọ́tò abọ́ méjèèjì tì í. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ báyìí ló ba odò jẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí ní mítà 50 lókè ọ̀pá omi náà àti ohun tí ẹ rí ní mítà 50 ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn tó ní àṣẹ láti wọ inú ọgbà wá gba omi tiwọn lẹ́nu ọ̀pá náà.